Aya Tí A Rán Lọ

Ẹni tí ó bá dúró ní èbúté Ìkòròdú ní kùtùkùtù òwúrọ̀, tí ó kọjú sí ọ̀sà, yóò rí omi tí ó tẹ́ lọ níwájú rẹ̀ sí ìhà Èkó. Lórí omi yìí ni iyọ̀, aṣọ, ìbọn àti ọtí òyìnbó gbà wọ ilẹ̀ Rẹ́mọ àti ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ní ayé àwọn baba wa. Lórí rẹ̀ kan náà ni ẹrú, epo àti ẹ̀kùrọ́ gbà jáde. Ohun tí ọkàn ènìyàn ń fẹ́ ni ó la ọ̀nà náà kí Ìhìnrere tó gba ibẹ̀ kọjá, òun náà ni ó sì fa ogun wá sí i. Ní ọdún 1865 àwọn Ẹ̀gbá dó ti Ìkòròdú nítorí ọ̀nà òwò, títí Glover fi rán àwọn ọmọ ogun láti Èkó ní oṣù kẹta ọdún náà láti tú ibùdó wọn ká. Èpè náà ní tirẹ̀: ibẹ̀ ni Ọba Kòsọ́kọ́ fi ṣe ibùgbé lẹ́yìn tí àwọn òyìnbó lé e kúrò ní Èkó ní 1851, ibẹ̀ náà sì ni àwọn ọmọ ogun Gómìnà Carter gúnlẹ̀ sí ní oṣù karùn-ún ọdún 1892, kí wọ́n tó gòkè lọ ṣẹ́gun àwọn Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọn.

Àwọn ogun wọ̀nyí ni a máa ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé wa, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ogun kan wà tí ó gbóná lẹ́yìn tí ìbọn Ìmàgbọn ti dákẹ́, tí a kì í sábà sọ ìtàn rẹ̀ fún wọn, bóyá nítorí pé inú ilé ni a ti jà á. Òun ni a fẹ́ sọ.

Kí ọdún 1892 tó dé, àwọn Ìjẹ̀bú kì í fẹ́ kí oníwàásù gba ilẹ̀ wọn kọjá. Lẹ́yìn ogun náà ìlẹ̀kùn ṣí gbayawu. Àwọn ènìyàn ń wọ́ tọ ìjọ Kristi, wọ́n sì ń wọ́ tọ ìsìn Mùsùlùmí pẹ̀lú. Àwọn àgbàlagbà tí ó wá kò dá wá. Ọkùnrin tí ó ti ní oko àti orúkọ a máa ní aya méjì tàbí mẹ́ta nílé, ẹlòmíràn a sì ní jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ lè kó òrìṣà rẹ̀ dànù. Ó lè kọ́ ìwé ABD ní ọjọ́ ogbó. Ó lè pa ọjọ́ ìsinmi mọ́ ju ẹni tí a bí sínú ìjọ lọ. Nígbà tí ó bá wá kan ìrìbọmi, wọn a bi í léèrè pé, "Baba, aya mélòó ni ẹ ní?" Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ máa ń dúró sí.

Kí a tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ kan nínú èdè wa. A ní ọkùnrin fẹ́ owó. A ní Ọlọ́run fẹ́ aráyé. A ní Òjó fẹ́ aya. Ọ̀rọ̀ kan náà ni a fi ń pe wíwá ohun tí a kò ní, àti ìfẹ́ inú rere, àti ìgbéyàwó. Nígbà tí àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì fẹ́ ya ọ̀kan sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ṣẹ̀, ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ ni wọ́n lò, ìfẹ́ tí kò ní ìjánu. Èwo nínú wọn ni ó kó aya mẹ́ta jọ sínú agbo ilé kan? Nígbà púpọ̀, kì í ṣe ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ rárá. Ẹ̀gbọ́n ọkùnrin náà kú, wọ́n sì ṣú opó rẹ̀ fún un, kí obìnrin náà àti àwọn ọmọ rẹ̀ má bàa rìn kiri. Oko ń fẹ́ ọwọ́, ẹrù ń fẹ́ orí tí yóò rù ú lọ sí ọjà èbúté. Ìyálé fúnra rẹ̀ lè sọ pé àárẹ̀ ti mú òun, kí ọkọ mú ẹni tí yóò ran òun lọ́wọ́ wá.

Ohun mìíràn wà tí àwọn tí ó ṣe òfin kò gbé yẹ̀ wò tó. Ìyá tí ó bímọ ní ilẹ̀ wa a máa fún un lọ́mú fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta, ní gbogbo ìgbà náà kò sì gbọdọ̀ súnmọ́ ọkọ rẹ̀. Èèwọ̀ ni, kí ọmọ má bàa ṣàìsàn. Ní tòótọ́ àṣà náà ti dáàbò bo ọmọ púpọ̀, ó sì fún ìyá ní ìsinmi kí oyún mìíràn tó dé. Ìjọ tí ó bi ọkùnrin léèrè iye aya rẹ̀ ń bi í pẹ̀lú, láìsọ ọ́ jáde, bí yóò ti lo ọdún mẹ́ta náà. Kò sí ìdáhùn rẹ̀ nínú katikísímù.

A kò sọ èyí láti gbe ìkóbìnrinjọ lẹ́sẹ̀. A mọ ilé olórogún: ọmọ ẹnì kan ń ṣàìsàn, a ti ń fura sí ẹnì kejì. Àwọn àgbà ti wí pé òrìṣà-jẹ́-n-pé-méjì obìnrin kò dénú. Ọlọ́rọ̀ tí ó sì ń fi ọmọdébìnrin kún ilé bí ẹni ń ra ewúrẹ́, ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ ni tirẹ̀, kò sí orúkọ mìíràn tí a lè fún un.

Henry Venn, akọ̀wé Ẹgbẹ́ C.M.S. ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ti la ọ̀ràn yìí sílẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 1857: ọkùnrin tí ó ní ju aya kan lọ kò gbọdọ̀ gba ìrìbọmi; àwọn aya rẹ̀ lè gbà á, nítorí pé kì í ṣe ìfẹ́ inú tiwọn ni ó mú wọn dé ibẹ̀. Ní ìhà gúúsù Áfíríkà, ní ìgbà kan náà, Bíṣọ́ọ̀bù Colenso ti Natal sọ òdìkejì rẹ̀. Ó ní kí a gba ọkùnrin náà bí ó ti wà, nítorí pé lílé obìnrin kúrò nílé ọkọ rẹ̀ burú ju àrùn tí a fẹ́ wò sàn lọ. Wọn kò gbọ́ tirẹ̀. Nígbà tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù ìjọ Áńgílíkà láti gbogbo ayé pé jọ sí Lambeth ní 1888, Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther wà láàárín wọn, ẹni tí a kó lẹ́rú ní Òṣoògùn ní 1821. Òun náà kò sì fara mọ́ ọn pé kí a ri olóbìnrin púpọ̀ bọmi. Ìpinnu wọn ni pé kí a máa kọ́ irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n kí ìrìbọmi rẹ̀ dúró títí yóò fi lè gba òfin Kristi. Ẹni 83 gbà bẹ́ẹ̀, ẹni 21 kọ̀. Ní ti àwọn aya rẹ̀, wọ́n ní a lè ri wọn bọmi nígbà mìíràn, kí àwọn aláṣẹ ìjọ ní ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan pinnu rẹ̀. Ẹni 54 gbà, ẹni 34 kọ̀. Ẹ kíyèsí iye náà. Lórí ọkùnrin, ọ̀rọ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣọ̀kan. Nígbà tí ó kan obìnrin, ọkàn wọn kò balẹ̀.

Ó sì yẹ kí ọkàn wọn má balẹ̀. Ká ní ọkùnrin náà gbọ́ràn, tí ó sì sọ pé òun yóò mú ẹnì kan, òun yóò sì jọ̀wọ́ àwọn ìyókù. Èwo ni yóò mú? Ìyálé tí ó bá a jẹ ìyà nígbà tí kò ní nǹkan, tàbí ìyàwó tí ó ń fún ọmọ lọ́mú lọ́wọ́? Ẹni tí a rán lọ yóò padà sí ilé baba rẹ̀, bí baba bá ṣì wà láàyè. Àwọn ọmọ ti baba wọn ni, wọn kò ní bá a lọ. Àwọn ará ilé rẹ̀ yóò béèrè ohun tí ó ṣe. Kò ṣe nǹkan kan: ọkọ rẹ̀ ni ó fẹ́ di Kristẹni. Bẹ́ẹ̀ ni ìsìn tí ó kọ ìkọ̀sílẹ̀ fi ń béèrè ìkọ̀sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Ìjọ Ọlọ́run ti rí irú obìnrin yìí rí, ní ilẹ̀ Áfíríkà yìí kan náà, ṣùgbọ́n ní ìhà àríwá rẹ̀, ní ayé àwọn ará Róòmù. Augustine, ẹni tí gbogbo ìjọ ń pè ní olùkọ́, ni a bí ní Thagaste ní 354. Láti ìgbà èwe rẹ̀ ni ó ti mú obìnrin kan sọ́dọ̀. Wọ́n gbé pọ̀ fún nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n sì bí ọmọkùnrin kan, Adeodatus. Nígbà tí ó di olùkọ́ pàtàkì ní Milan, wọ́n wá ọmọbìnrin onílé ńlá kan fún un láti fi ṣe aya, wọ́n sì rán obìnrin ti ìgbà èwe náà padà sí Áfíríkà. Ó fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ fún baba rẹ̀, ó sì jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun kì yóò mọ ọkùnrin mìíràn mọ́. Ọmọbìnrin tí wọ́n wá náà kéré. Ó ku ọdún méjì kí ó tó tó gbé níyàwó. Augustine kò lè dúró, ó mú obìnrin mìíràn. Lẹ́yìn èyí ni ó yí padà sí Ọlọ́run ní 386, tí Ambrose sì rì í bọmi ní Milan ní ọdún 387, kò sì gbéyàwó mọ́ títí ó fi kú. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé Ìjẹ́wọ́ rẹ̀ láìfi ìtìjú ara rẹ̀ pamọ́, ó sì jẹ́wọ́ pé ọgbẹ́ ìyapa náà dun òun gidigidi. Ṣùgbọ́n kò kọ orúkọ obìnrin náà síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n pínyà, obìnrin náà ni ó mọ bí a ti ń kóra ẹni níjàánu. Ọkùnrin tí a ń pè ní mímọ́ lónìí kò lè dúró fún ọdún méjì.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí etí ọ̀sà wa. Ní Èkó, òfin ìgbéyàwó ti jáde ní 1884: ẹni tí ó bá fi òfin náà gbéyàwó kò gbọdọ̀ fi àṣà ìbílẹ̀ fẹ́ òmíràn, ogún rẹ̀ yóò sì lọ gẹ́gẹ́ bí òfin òyìnbó. Àwọn ọ̀mọ̀wé Èkó fẹ́ ìgbéyàwó yìí, nítorí pé ó ní ọlá, ó ní ìbọ̀wọ́, ó ní òrùka. Bẹ́ẹ̀ náà ni púpọ̀ nínú wọn ní aya kan ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n sì ní òmíràn ní àdúgbò kejì, tí a bímọ fún wọn níbẹ̀. Àwọn wọ̀nyí lè gba oúnjẹ Olúwa, nítorí pé ìwé ìjọ kọ aya kan sílẹ̀ fún wọn. Àgbẹ̀ tí ó kó aya méjì wá jókòó ní gbangba, tí ó ń bọ́ àwọn méjèèjì, kò lè gbà á. Òfin mọ bí a ti ń ka orí. Kò mọ bí a ti ń wo ọkàn.

Ó bí àwọn kan nínú. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 1891 a dá ìjọ United Native African sílẹ̀ ní Èkó. Ní 1901 púpọ̀ nínú àwọn ọmọ ìjọ Breadfruit jáde láti dá ìjọ African sílẹ̀, Jacob Kẹ́hìndé Coker, àgbẹ̀ Agége, sì wà ní iwájú wọn. Ní 1917 ìjọ Wesley ní Èkó lé àwọn olóbìnrin púpọ̀ jáde, àwọn náà sì dá United African Methodist sílẹ̀, tí a mọ̀ sí Ẹlẹ́ja. Àwọn ìjọ wọ̀nyí gba ọmọ ìjọ tí ó ní aya púpọ̀. Àwọn kan ti wí pé ìfẹ́ ara ni ó kọ́ wọn. A kò gbà bẹ́ẹ̀ pátápátá. Ìyà tí a fi jẹ Crowther ní ọjọ́ ogbó rẹ̀, àti bí a ti ṣe James Johnson, wà nínú ọ̀ràn náà, pàápàá ti 1891 àti ti 1901. Ṣùgbọ́n a kò ní sẹ́ pé ìtura wà nínú rẹ̀ fún ẹni tí kò fẹ́ jọ̀wọ́ ohunkóhun.

James Johnson fúnra rẹ̀ kò bá wọn lọ. Òun ni ó fẹ́ kí a máa fi orúkọ Yorùbá ri ọmọ bọmi, òun ni kò gbà kí òyìnbó tẹ́ńbẹ́lú wa; síbẹ̀ lórí ọ̀ràn aya kò yẹsẹ̀ rárá. Ní Abẹ́òkúta, kí ó tó dé Breadfruit ní 1880, líle rẹ̀ lórí ẹrú níní àti aya púpọ̀ ti mú kí àwọn àgbà ìjọ kọ̀ ọ́. Ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1900, ó kú ní 1917, ọdún Ẹlẹ́ja gan-an. A bọ̀wọ̀ fún un ju ẹni tí ó ń fi ẹnu méjì sọ̀rọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n a fẹ́ kí ó ti bá àwọn obìnrin náà sọ̀rọ̀.

Ọgọ́rùn-ún ọdún géérégé lẹ́yìn ìpinnu àkọ́kọ́, ní 1988, àwọn bíṣọ́ọ̀bù tún pé jọ sí Lambeth. Wọ́n gbà nígbà yìí pé a lè ri olóbìnrin púpọ̀ bọmi pẹ̀lú àwọn aya àti ọmọ rẹ̀ tí ó gbàgbọ́, bí ìjọ ibẹ̀ bá fọwọ́ sí i, bí òun náà bá sì ṣe ìlérí pé òun kì yóò fẹ́ òmíràn níwọ̀n ìgbà tí èyíkéyìí nínú àwọn aya náà bá wà láàyè. Wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé a kò gbọdọ̀ fi ipá mú un kí ó lé èyíkéyìí nínú wọn lọ, nítorí ìyà tí yóò jẹ obìnrin náà láwùjọ.

Ìlérí tí ìpinnu yìí béèrè lọ́wọ́ ọkùnrin náà nira ju bí ó ti rí ní ojú ìwé lọ, nítorí pé kò ní kí ó lé ẹnikẹ́ni. Ó ní kí ó dúró. Ní Ìkòròdú àti ní Èpè, bí ó ti rí ní ibi púpọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹ̀yin náà yóò ti rí baba arúgbó tí ó ràn wá lọ́wọ́ láti fi òrùlé bo ṣọ́ọ̀ṣì, tí ó ń kọrin lórí ìjókòó rẹ̀ nígbà tí àwọn ìyókù ń lọ sí ibi oúnjẹ Olúwa. Lẹ́yìn ìsìn, ìyálé rẹ̀ a dì í lọ́wọ́ mú ní àtẹ̀gùn, ìyàwó a gbé ìwé orin rẹ̀, wọn a sì jọ rìn lọ sílé.