Ọ̀pẹ, Ọkọ̀ Ojú Irin àti Símẹ́ńtì: Bí Òwò Ṣe Dàgbà ní Ilẹ̀ Àjà-Wẹ̀rẹ̀

Lónìí a fẹ́ bá yín sọ ìtàn kan tí kì í ṣe ti ọba, tí kì í sì í ṣe ti ogun. Ìtàn iṣẹ́ ọwọ́ wa àti òwò wa ni, ní ilẹ̀ Nàgó yìí, ní Àjà-Wẹ̀rẹ̀ àti àwọn abúlé rẹ̀. Bí àwọn Faransé ṣe gbọ́ orúkọ ìlú náà létí ni wọ́n ṣe kọ ọ́ sílẹ̀: Adja-Ouèrè. Ẹ̀yin náà ti lè kà á báyìí lára pátákó.

Orílẹ̀-èdè wa, Bẹ̀nẹ̀, kò tóbi. Etí òkun ló wà. Orílẹ̀-èdè mìíràn wà lọ́nà jíjìn tí ó kéré jù ú lọ. Bàráìnì ni wọ́n ń pè é, etí òkun àwọn Lárúbáwá ni òun náà wà. Láyé àtijọ́, àwọn ọkùnrin ibẹ̀ a máa rì wọ inú omi lọ wá òkúta dídán tí ń bẹ nínú ìkarahun, kí wọ́n lè rí i tà. Ní ọdún 1932, wọ́n rí epo nínú ilẹ̀ wọn. Owó dé, ẹ̀rọ dé. Àwọn àlejò tó mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ náà dé. Nígbà náà ni ó di dandan kí àwọn ọmọ ibẹ̀ kọ́ iṣẹ́ tí wọn kò ṣe rí.

Epo tiwa kò sí nínú ilẹ̀. Orí igi ló wà, ó sì ti wà níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó gbẹ́ kànga epo. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan náà ló dojú kọ wá: nígbà tí òwò bá dàgbà, ta ló mọ iṣẹ́ rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ ní ìdí ọ̀pẹ. Ọkùnrin ló ń fi igbà gun igi, òun ló ń gé ìdì ẹyìn lulẹ̀. Iṣẹ́ tó kù, iṣẹ́ obìnrin ni. Wọ́n á ṣa ẹyìn, wọ́n á sè é, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á da omi sí i, wọ́n á sì gbọ́n epo lójú omi. Ihá rẹ̀ kì í ṣòfò, iná ni wọ́n ń fi dá. Ẹkùrọ́ náà kì í ṣòfò, wọ́n á pa á, wọ́n á fi ṣe àdín. Kò sí ẹni tó kọ iṣẹ́ yìí sínú ìwé. Ìyá ló ń kọ́ ọmọ. Ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ni ìdí ọ̀pẹ jẹ́, bí a kò tilẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí òwò ẹrú ń rọlẹ̀, lẹ́yìn ọdún 1800, àwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í wá epo pupa kiri. Wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ àti àbẹ́là, wọ́n sì fi ń pa ara ẹ̀rọ kí ó má baà ta. Nígbà tó yá, wọ́n ní àwọn fẹ́ ẹkùrọ́ pẹ̀lú. Àjàṣẹ́ di ọjà ńlá létí ọ̀sà. Orí ni àwọn èèyàn wa fi ń ru epo àti ẹkùrọ́ láti oko. Láti Àjàṣẹ́, ọkọ̀ ojú omi ń gba ojú ọ̀sà gbé wọn lọ sí Èkó, kí ọkọ̀ ńlá tó kó wọn sọdá òkun. Ẹ̀rọ tó ń fún epo ẹkùrọ́ wà ní Jámánì. Ilé iṣẹ́ ọṣẹ wà ní Faransé. Ọṣẹ náà tún ń padà wá sí ọjà wa, àwa náà sì ń fi owó epo rà á.

Ní ọdún 1889, àwọn Faransé àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ẹnu kò, wọ́n fa ìlà sórí ìwé. Apá kan di ti Èkó, apá kejì di ti Dàhómì. Àjà-Wẹ̀rẹ̀ bọ́ sọ́dọ̀ Faransé. Ẹ̀gbọ́n wà ní ìhín, àbúrò wà ní ọ̀hún. Lẹ́yìn náà ni owó orí dé. Owó Faransé ni ìjọba fẹ́ gbà, ibo ni àgbẹ̀ yóò sì ti rí i bí kò bá ta epo àti ẹkùrọ́?

Kí ogun ọdún 1914 tó bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ ojú irin ti ń ti Àjàṣẹ́ gba Ṣakété lọ sí Pobẹ̀. Ọkọ̀ náà ti dákẹ́ tipẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó ń rìn, ó gba ẹrù lórí ọ̀pọ̀ èèyàn. Òótọ́ ni. Ọjà yá sí i, ẹrù pọ̀ sí i. Òṣùwọ̀n dé pẹ̀lú. Ẹni tí kò lè ka òṣùwọ̀n, iye tí oníwọ̀n bá pè ni yóò gbà.

Ní ọdún 1922, wọ́n dá ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ sílẹ̀ ní Pobẹ̀. Pobẹ̀ kò jìnnà sí wa, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Kí ni wọ́n ń wá níbẹ̀? Ẹ mú èso ẹyìn kan, kí ẹ fi ọ̀bẹ gé e yíká títí ọ̀bẹ yóò fi kan ibi líle. Ara pupa tí ẹ rí ni epo wà. Ibi líle náà ni èèpo, inú èèpo sì ni ẹkùrọ́ wà. Púpọ̀ nínú ọ̀pẹ inú igbó wa ló ní èèpo tó nípọn, ara rẹ̀ kò sì pọ̀. Irú mìíràn wà tí kò ní èèpo rárá, ṣùgbọ́n irú èyí kì í sábà so dáadáa. Ní ọdún 1941, àwọn onímọ̀ méjì ní Yangambi, ní ilẹ̀ Kóńgò, ṣàlàyé ohun kan. Wọ́n ní bí a bá fi àtíkè òdòdó irú tí kò ní èèpo sí òdòdó irú tí èèpo rẹ̀ nípọn, ọmọ wọn yóò ní èèpo fẹ́lẹ́, ara púpọ̀ àti epo púpọ̀. Tenera ni wọ́n ń pe ọmọ náà. Láti ọdún 1946, Pobẹ̀ àti àwọn ibùdó Kóńgò àti Côte d'Ivoire bẹ̀rẹ̀ sí í pàrọ̀ irú ọ̀pẹ láàárín ara wọn.

Iṣẹ́ yìí gba sùúrù. Òṣìṣẹ́ á gun igi kí òdòdó obìnrin tó là, á fi àpò bò ó kí kòkòrò àti afẹ́fẹ́ má baà kó àtíkè mìíràn wọ̀ ọ́. Nígbà tó bá là, á fẹ́ àtíkè tí wọ́n yàn sínú àpò. Bí oṣù márùn-ún sí mẹ́fà lẹ́yìn náà, ìdì á pọ́n. Wọ́n á yọ irúgbìn rẹ̀, wọ́n á fi sínú ooru fún oṣù méjì ààbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó lè hù dáadáa. Wọ́n á kọ orúkọ bàbá igi àti ìyá igi sílẹ̀, àti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí ló ń gun igi náà. Lójú tèmi, níbẹ̀ ni iṣẹ́ ọ̀pẹ ti kọ́kọ́ di iṣẹ́ tí ìwé kíkà wọ̀.

Ní 1960 Dàhómì gba òmìnira. Ní 1961 ìjọba ṣe òfin pé kí àwọn abúlé kan kó ilẹ̀ wọn pọ̀, kí a gbin ọ̀pẹ tuntun sí i. Olówó ilẹ̀ ń gba owó díẹ̀, ẹni tó ṣiṣẹ́ ń gba ìpín. Dandan ni, kì í ṣe ìfẹ́ inú. Ọ̀pẹ so, ṣùgbọ́n ẹjọ́ ilẹ̀ kò tán níbẹ̀.

Lẹ́yìn 1970, epo inú ilẹ̀ sọ Nàìjíríà di olówó, ọ̀pọ̀ ọmọ wa sì sọdá lọ síbẹ̀ lọ ṣe oko, mọlé, wakọ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba ibẹ̀ ní kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé máa lọ. Ní 1984 wọ́n ti ibodè pa títí di 1986. Ní 1994 owó sẹ̀fáà já sí ìdajì. Ní oṣù kẹjọ 2019 ibodè tún tì, ó di oṣù kejìlá 2020 kí wọ́n tó ṣí i. Ìlà tí wọ́n fà lórí ìwé ní 1889 ni èyí o!

Símẹ́ńtì ńkọ́? Òkúta ẹfun pọ̀ lábẹ́ ilẹ̀ wa. Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà jọ dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Onigbolo, nítòsí Pobẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1982. Lẹ́yìn 2010, òmíràn dìde ní Masẹ̀, nínú kọ́múnù Àjà-Wẹ̀rẹ̀ gan-an. Wọ́n ń lọ òkúta náà pọ̀ mọ́ amọ̀, wọ́n á fi iná sun ún títí ooru yóò fi tó bí 1450 ní ìwọ̀n, wọ́n á sì tún lọ̀ ọ́. Níbi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹni kan ń ru àpò, ẹlòmíràn ń ka aago tó ń sọ bí iná ṣe gbóná tó. Owó wọn kò dọ́gba. Ọ̀dọ́ tó ń ru àpò lè jẹ́ ọmọ onílẹ̀ tí wọ́n ti wa òkúta náà.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ìdí ọ̀pẹ. Àwọn kan ń ṣa ẹkùrọ́ tó já bọ́ lábẹ́ tenera, wọ́n ń hù ú, wọ́n ń tà á fún àgbẹ̀ bí ọ̀pẹ Pobẹ̀. Kì í ṣe ọ̀pẹ Pobẹ̀. Ọmọ tenera pẹ̀lú tenera a máa pín: nínú mẹ́rin, ọ̀kan á padà sí èèpo nípọn, ọ̀kan á di èyí tí kò ní èèpo, méjì péré ló máa jẹ́ tenera. Kí ẹ tó san owó, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á fi ìwé hàn yín, èyí tó sọ ibi tí irúgbìn ti wá, kí ẹ sì fi ojú ara yín kà á. Igi 143 ló ń wọ hẹ́kítà kan bí a bá fi mítà mẹ́sàn-án sí àárín wọn. Ẹni tó bá ra ayédèrú, bí 36 nínú wọn á ní èèpo nípọn, bí 36 kì yóò sábà so, bí 71 ló máa dára. Ọdún kẹta tàbí ìkẹrin, nígbà tó bá là èso àkọ́kọ́, ni yóò tó mọ̀.