Kossola àti àwọn ará ilé tó kú sí ìlú Mobile ní Amẹ́ríkà

Ní ìlú Mobile, ìpínlẹ̀ Alabama lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, àdúgbò kan wà tí wọ́n ń pè ní Africatown. Àwọn tó tẹ̀ ẹ́ dó kì í ṣe ọmọ tí wọ́n bí sóko ẹrú. Ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n bí wọn sí.

Ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú wọn ni Oluale Kossola, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Cudjo Lewis. Ó kú lọ́dún 1935, lẹ́yìn ọdún 75 tó ti dé Alabama, kò sì padà délé.

Báwo ni wọ́n ṣe dé ibẹ̀?

Láti ọdún 1808 ni òfin Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọ̀lú láti òkè òkun léèwọ̀. Ṣùgbọ́n olówó kan ní Mobile, Timothy Meaher, ta tẹ́tẹ́ pé òun yóò kó wọn wọlé, ọwọ́ ìjọba kò sì ní tẹ òun.

Ọ̀gákọ̀ William Foster ló wa ọkọ̀ ojú omi Clotilda lọ sí Ouidah, ní orílẹ̀-èdè Benin òde òní. Ibẹ̀ ló ti ra àwọn tí ọmọ ogun Dahomey kó lẹ́rú. Èèyàn bíi 110 ni ọkọ̀ náà kó dé Mobile ní oṣù Keje, ọdún 1860. Lóru ni wọ́n kó wọn sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sì dáná sun ọkọ̀ náà kí ẹ̀rí má bàa sí. Ilé ẹjọ́ kò dá Meaher lẹ́bi títí tó fi kú.

Kossola tó ọmọ ọdún 19 nígbà náà. Òpìtàn Sylviane Diouf, tó kọ ìwé lórí wọn lọ́dún 2007, ní ọmọ agbègbè Bantè ní Benin ni, láàárín àwọn tó ń sọ Yorùbá. Ó ní ohun tí orúkọ Kossola ń sọ ni pé ọmọ kò kú mọ́ mi lọ́wọ́. James Meaher, arákùnrin Timothy, kò lè pe orúkọ náà, ni Kossola bá ní kó máa pe òun ní Cudjo.

Ilẹ̀ tí wọ́n fowó ara wọn rà

Nígbà tí òmìnira dé lọ́dún 1865, ilé ni wọ́n fẹ́ lọ, àmọ́ owó ọkọ̀ kò pé. Kossola lọ bá Timothy Meaher pé kó fún wọn nílẹ̀, Meaher sì kọ̀ jálẹ̀. Ni wọ́n bá ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń tọ́jú owó, títí wọ́n fi ra ilẹ̀.

Ẹni tí wọ́n fi ṣe olórí ni Gumpa, ọmọ Dahomey, ìlú tó kó àwọn yòókù lẹ́rú! Ìyà kan náà tí wọ́n jọ jẹ ló mú èyí ṣeé ṣe, lójú tèmi.

Kossola àti ìyàwó rẹ̀, Abile, bí ọmọ mẹ́fà, wọ́n sì fún wọn ní orúkọ ilé àti orúkọ Amẹ́ríkà. Orúkọ ilé ọ̀kan ni wọ́n kọ sílẹ̀ bí Iyadjemi. Yorùbá kò nílò ògbufọ̀ fún ìyẹn.

Agbófinró yìnbọn pa ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà lọ́dún 1902, ọkọ̀ ojú irin pa òmíràn. Lọ́dún 1902 kan náà ni ọkọ̀ ojú irin kọlu Kossola fúnra rẹ̀. Ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n san $650 fún un, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ní Alabama fagi lé e. Abile kú lọ́dún 1908. Gbogbo ọmọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló ṣáájú bàbá wọn lọ.

Kì í ṣe òun ló kẹ́yìn. Matilda McCrear, tó wọ ọkọ̀ náà ní ọmọ ọdún méjì pẹ̀lú ìyá rẹ̀, kú sí Selma lọ́dún 1940. Lọ́dún 1931, ó lọ bá ilé ẹjọ́ níbẹ̀ láti béèrè owó gbà-má-bínú. Wọn kò fún un ní kọ́bọ̀.

Ọdún 2019 ni wọ́n kéde pé àwọn ti rí àjókù Clotilda nínú odò. Ilé àkójọ ohun ìtàn wọn ṣí ní Africatown ní 2023.

Òǹkọ̀wé Zora Neale Hurston bá Kossola sọ̀rọ̀ lọ́dún 1927 àti 1928. Nígbà tó fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀, bàbá náà wọ aṣọ rẹ̀ tó dára jù, àmọ́ ó bọ́ bàtà sílẹ̀. Ó ní òun fẹ́ rí bí ẹni tó wà ní Áfíríkà, nítorí ibẹ̀ lòun fẹ́ wà. Ó wá ní kí wọ́n ya òun ní itẹ́ òkú, láàárín sàréè ìyàwó òun àti àwọn ọmọ òun.