Kí Ni Ká Pe Ohun Tó Ń Mú Ọtí Hó?

Ìwé ìlànà kan lórí bíà pípọn nílé tẹ̀ mí lọ́wọ́, tí wọ́n túmọ̀ sí Yorùbá. Inú mi kò dùn sí i rárá. Ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ kọ “ohun èlò tí ń yí ṣúgà padà di ọtí” síbi gbogbo tí orúkọ kan ṣoṣo ì bá ti tó. Ọ̀rọ̀ tí ẹnu kò lè pè lẹ́ẹ̀kan kì í ṣe ọ̀rọ̀ iṣẹ́, àlàyé ni. Ìran tó ti ń fi àgbàdo pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, tó ń fi ọkà bàbà pọn ọtí, tó sì ń dá ẹmu tipẹ́ kí ìgò bíà Star àkọ́kọ́ tó jáde l'Ékòó ní 1949, kò yẹ lẹ́ni tí à ń fi àlàyé rọ́pò ọ̀rọ̀ fún.

Ẹ jẹ́ ká tètè kọjá lórí àwọn tó rọrùn. Pípọn ni à ń pọn ọtí, apọntí ni ẹni tó ń ṣe é. Ọkà tí a rẹ sómi, tó hù, tí a sá gbẹ kí a tó lọ̀ ọ́, ọkà híhù ni, bí àwọn ìyá oníṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ṣe ń ṣe é gan-an nìyẹn. Kì í sì í ṣe bálì nìkan ni à ń sọ di ọkà híhù: nígbà tí ìjọba Nàìjíríà fòfin de bálì ilẹ̀ òkèèrè ní 1988, ọkà bàbà ilé ni àwọn iléeṣẹ́ ọtí ńlá sá tọ̀. Omi dídùn tí a sè jáde lára ọkà híhù, omi ọkà ni. Ohun tó rọ̀ sísàlẹ̀, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Ohun tí a fi ń rọ ọtí sígò, àrọ. Irinṣẹ́ tó ń wọn bí omi ọkà ṣe ki tó, òṣùwọ̀n ìki: bó bá fi 1.050 hàn níbẹ̀rẹ̀, tó wá dúró sí 1.010, agbára ọtí náà ti tó ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún.

Họ́ọ̀pù, ohun tó ń mú bíà korò, ni kí a yá, kí a má wulẹ̀ ṣe wàhálà. Àwọn kan á fẹ́ pè é ní “ewúro òyìnbó”, bí a ṣe pe ọ̀pẹ òyìnbó. N kò fara mọ́ ọn. Òdòdó ewéko tó ń fà mọ́gi ni họ́ọ̀pù, kì í hù lọ́dọ̀ wa. Àwọn onímọ̀ Nàìjíríà sì ti dán ewúro gidi àti orógbó wò pé bóyá wọ́n lè rọ́pò rẹ̀ nínú bíà. Bí a bá wá kọ ọ́ pé ewúro rọ́pò ewúro òyìnbó, ta ni yóò mọ èwo ni èwo? Ohun àlejò lè jẹ́ orúkọ àlejò.

Ibi tí ìjà wà ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí omi ọkà kó tó di ọtí. Ọ̀pọ̀ yóò mú “kíkan”, torí a máa ń sọ pé ẹmu ti kan. Ṣùgbọ́n ògì ń kan, wàrà ń kan, ẹnikẹ́ni kì í sì í mu wọ́n yó. Kòkòrò àìfojúrí tó yàtọ̀ sí èyí tó ń sọ ṣúgà di ọtí ló ń fa ìyẹn, òun gan-an sì ni apọntí bíà ń sá fún tó fi ń pa kòkòrò lára gbogbo ohun èlò rẹ̀. Ìwé tó bá ní “ẹ dúró kí ọtí kan” ti ní kí ònkàwé dúró de ìbàjẹ́.

“Hó” ló tọ́. Ẹmu ń hó nínú akèrègbè, ọṣẹ ń hó, omi ń hó lórí iná. Ọ̀nà kan náà ni Látìnì gbà: fervere, tó túmọ̀ sí kí nǹkan hó, ló bá fermentum tan, láti ibẹ̀ sì ni àwọn òyìnbó ti rí ọ̀rọ̀ tiwọn, ferment. Àtakò kan lágbára: omi ọkà ti kọ́kọ́ hó lórí iná fún bíi wákàtí kan. Nítorí náà ni mo fi ya híhó iná sọ́tọ̀ kúrò lára híhó tútù.

Ta ló wá ń mú un hó? Bíbélì Yorùbá fún wa ní ìwúkàrà, ohun tí ń mú àkàrà wú. Ó dára fún oníbúrẹ́dì, ṣùgbọ́n ọtí kì í wú. Ohun tó tún dùn mí jù ni ì- tó ṣáájú rẹ̀. Ì- sábà máa ń sọ ìṣe di orúkọ: ìrìn, ìfẹ́, ìjó. A- ló ń fi olùṣe hàn: apẹja, akọrin, adẹ́mu. Abẹ̀mí sì ni olùṣe tiwa yìí, Louis Pasteur, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, ti jà fún un láti 1857. Amọ́tíhó ni mo dábàá: a-mú-ọtí-hó, bí amúlùdùn ṣe jẹ́ a-mú-ìlú-dùn. Ohùn òkè tó wà lórí “mọ́” kò ní jẹ́ kó dà pọ̀ mọ́ ọ̀mùtí. Orúkọ yìí tún ń kọ́ni níṣẹ́: abẹ̀mí ń kú nínú ooru, nítorí náà kí omi ọkà tutù sí bíi 20 lórí òṣùwọ̀n Celsius kí a tó da amọ́tíhó sí i. Lára gbòǹgbò kan náà ni ìtúnhó ti jáde, ìyẹn híhó ẹlẹ́ẹ̀kejì nínú ìgò. Ṣúgà ìtúnhó kì í ju bíi gíráàmù mẹ́fà sí méje lọ fún lítà kan. Bó bá pọ̀ jù, ìgò á bú.

Ó ku kẹ́ẹ̀gì. Ike ni kẹ́ẹ̀gì lẹ́nu wa: kẹ́ẹ̀gì omi, kẹ́ẹ̀gì ẹmu, kẹ́ẹ̀gì epo. Irin tí kì í dípẹtà ni ti bíà, ó sábà máa ń gba lítà 19, gáàsì alágbára ni a sì ń tì sínú rẹ̀. Ẹni tó bá kà pé “ẹ fi gáàsì sí kẹ́ẹ̀gì” lè fi ike dán an wò, kó sì ṣèṣe. Àgbá ni kí a pè é. Àgbá ọtí kò ṣàjèjì sí wa, ẹnikẹ́ni kì í sì í gbọ́ àgbá kó ro ike.

Ẹ̀yin tí ẹ ń túmọ̀ ìwé iṣẹ́ ọwọ́, mo bẹ̀ yín: ẹ kọ́kọ́ lọ bá àwọn ìyá tó ń pọntí àti àwọn adẹ́mu, kí ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń pe nǹkan, kí ẹ tó dá ọ̀rọ̀ tuntun sílẹ̀.