Ìyà Àìnípẹ̀kun, láti Nunhead dé Òṣogùn

Ẹ̀yin ará wa tó ń gbé ní Nunhead àti Peckham, ẹ ó ti gbọ́ àríyànjiyàn yìí rí lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú. Ọmọ tó ń lọ yunifásítì á kàn béèrè pé: “Dádì, àwọn bàbá ńlá yín tó kú kí ṣọ́ọ̀ṣì tó dé ìlú yín ńkọ́? Ṣé inú iná ni wọ́n wà títí di báyìí?” Ilé á dákẹ́. Ẹnì kan á ní ìwé òyìnbó ló ba ọmọ yìí lórí jẹ́. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè yẹn dàgbà ju gbogbo wa lọ, àwọn òyìnbó tó gbé ìwàásù iná wá bá wa gan-an sì ń bá ara wọn jà lé e lórí lásìkò tí wọ́n ń gbé e bọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ rìn lọ sí ibi ìsìnkú Nunhead. Ní 1840 ni wọ́n ṣí i. Ilé àdúrà méjì ni wọ́n kọ́ sínú rẹ̀, ọ̀kan fún àwọn ọmọ Ìjọ Áńgílíkà, èkejì fún àwọn onígbàgbọ́ tí kò sí lábẹ́ Ìjọ náà. Ilẹ̀ pàápàá, ńṣe ni wọ́n pín in: apá kan di mímọ́, wọ́n fi apá kejì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òfin ìwé àdúrà Áńgílíkà ti 1662 ni pé kí wọ́n má ka ètò ìsìnkú lórí ẹni tí kò ṣèrìbọmi, ẹni tí ìjọ yọ, tàbí ẹni tó pa ara rẹ̀. Òkú ọmọ ọwọ́ náà wà nínú rẹ̀, tí omi ò bá tíì kàn án lórí. Lónìí, ilé àdúrà kejì ti wó lọ pátápátá. Ti Áńgílíkà tó kù ò ní òrùlé mọ́, iná ló jó o ní àwọn ọdún 1970. (Iná ayé níbí o, kì í ṣe ti ọ̀run.)

Ní 1853 ni ìjà bẹ́ síta. Frederick Denison Maurice jẹ́ àlùfáà àti ọ̀jọ̀gbọ́n ní King's College. Ó ti ṣe àlùfáà ilé ìwòsàn Guy's rí, lẹ́bàá London Bridge. Lọ́dún yẹn ló kọ ìwé kan, Theological Essays, tó fi sọ pé ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí wọ́n ń pè ní aiōnios kì í ṣe ọ̀rọ̀ kíka ọdún. Ó ní bí ènìyàn ṣe sún mọ́ Ọlọ́run tàbí bó ṣe jìnnà sí I ni ọ̀rọ̀ náà ń sọ, kì í ṣe bí àkókò ṣe gùn tó. Maurice ò sọ pé kò sí ìyà o, kò sì ṣèlérí pé gbogbo ayé ló máa là. Síbẹ̀, kọ́lẹ́ẹ̀jì yọ ọ́ níṣẹ́ lọ́dún náà.

Ẹ wá wo ọ̀dọ̀ tiwa. Ní 1846 ni Samuel Ajayi Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú CMS wọ Abẹ́òkúta. Ìtumọ̀ ìwé Róòmù tó ṣe jáde ní 1850, odindi Bíbélì Yorùbá sì jáde ní 1884. Ọ̀rọ̀ tí iṣẹ́ fi bọ́ lọ́wọ́ Maurice, kí ni Bíbélì wa pè é? Àìnípẹ̀kun. Ìyè àìnípẹ̀kun, ìyà àìnípẹ̀kun. Ẹ fi ẹnu ara yín pè é wò. Ohun tí kò ní ìpẹ̀kun ni, kò sí bí èèyàn ṣe fẹ́ yí i. Àríyànjiyàn tó ṣeé jà nínú Gíríìkì ti parí nínú Yorùbá kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu. Mi ò bá àwọn atúmọ̀ wí; ohun tí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ìjọ ti gbà láti ayébáyé ni wọ́n tẹ̀ lé.

Ọ̀run àpáàdì tún nìyẹn. Ẹni tó bá ti bá ìyá àgbà dáná igi rí mọ àpáàdì: àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi ń fọnná nílé aládùúgbò. Àpáàdì ló tó ko iná lójú, bí òwe ṣe wí. Bọ́lájí Ìdòwú, tó padà di olórí Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Nàìjíríà, kọ nípa ọ̀run rere àti ọ̀run àpáàdì nínú ìwé rẹ̀ Olódùmarè, tó jáde ní 1962. Wọ́n máa ń fi ọ̀run àpáàdì wé ààtàn tí wọ́n ń da àfọ́kù sí, tàbí ibi tí wọ́n ti ń sun ìkòkò, tó gbóná, tó gbẹ. Ti ààtàn yẹn ló mú mi lọ́kàn. Ìkòkò tó fọ́ ò ṣeé tò pọ̀ mọ́. Ẹni rere ń padà wá yà lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀, òun la ṣe ń sọ ọmọ ní Babátúndé àti Yétúndé. Ẹni burúkú ò rí ọ̀nà ilé mọ́. Ìwàásù mú iná níbẹ̀, ó fi ààtàn sílẹ̀.

Crowther fúnra rẹ̀ ní ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ní 1821 ni àwọn akónilẹ́rú ya wọ Òṣogùn. Nínú lẹ́tà tó kọ ní 1837, ó ròyìn bí bàbá òun ṣe sáré wá kìlọ̀ fún wọn nílé pé kí wọ́n sá, tó sì padà lọ bá àwọn tó ń jà. Kò rí bàbá náà mọ́ láéláé. Ó gbọ́ nígbà tó yá pé ogun mìíràn ló pa á. Kò sí ajíhìnrere kankan ní Òṣogùn nígbà yẹn. Àfálà, ìyá rẹ̀, ló tún rí ní Abẹ́òkúta lẹ́yìn nǹkan bí ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Ìyá ṣèrìbọmi ní 1848, wọ́n sọ ọ́ ní Hannah. Tí a bá fi òfin ìwàásù náà wọn ìdílé yìí, bí wọ́n ṣe pín ilẹ̀ Nunhead ló máa pín: ìyá lápá ibí, bàbá lápá ọ̀hún.

Ọdún 1864 ló yà mí lẹ́nu jù. Àlùfáà kan, H. B. Wilson, ti kọ ọ́ sínú Essays and Reviews ní 1860 pé òun ń retí pé àánú Ọlọ́run á kárí gbogbo ènìyàn nígbẹ̀yìn. Kóòtù ìjọ dá a lẹ́bi. Ní oṣù Kejì 1864, ìgbìmọ̀ Privy Council dá a sílẹ̀, wọ́n ní òfin Ìjọ ò fi dandan lé e pé kí àlùfáà gbà pé ìyà ọ̀run ò lópin. Àwọn àlùfáà bí 11,000 fọwọ́ sí ìwé pé àwọn ò gbà. Charles Longley, bíṣọ́ọ̀bù àgbà ti Canterbury, wà lára àwọn tó jókòó gbọ́ ẹjọ́ náà. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún yẹn kan náà, Longley yìí ló gbé ọwọ́ lé Crowther lórí tó di bíṣọ́ọ̀bù. Inú ilé tí ń jà ni wọ́n ti rán bíṣọ́ọ̀bù wa wálé.

Ní Natal, Bíṣọ́ọ̀bù John Colenso ti sọ tiẹ̀ ní 1861, nínú àlàyé tó ṣe lórí ìwé Róòmù: kò lè máa sọ fún àwọn Súlú pé gbogbo baba ńlá wọn ti ṣègbé. Wọ́n dá ẹjọ́ rẹ̀ ní Cape Town ní 1863, wọ́n ní àwọn yọ ọ́ nípò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀sùn mìíràn wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Lápá tiwa níbí, Spurgeon tó ń wàásù ní Elephant and Castle (bọ́ọ̀sì 12 láti Peckham á gbé yín débẹ̀) bínú kúrò nínú Baptist Union ní 1887. Lára ohun tó ń bí i ni pé àwọn oníwàásù kan ti ń fún ìyà ọ̀run ní ìpẹ̀kun.

Ó dáa, ṣé ó tọ́ àbí kò tọ́? Àwọn tí kò gbà á gbọ́ máa ń bèèrè pé ẹ̀ṣẹ̀ ọgọ́rin ọdún, ìyà tí kò lópin, òṣùwọ̀n wo nìyẹn? A ò nílò òyìnbó kó tó bi wá bẹ́ẹ̀. Tai Solarin, tó dá Mayflower School sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1956, ò fi àìgbàgbọ́ rẹ̀ pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Àwa náà sì lòwe pé ọmọ tí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá wí, tòsì là á fi fà á mọ́ra. Ìyà tí kò lópin ò ní ọwọ́ òsì.

Àwọn onígbàgbọ́ náà ní èsì. Wọ́n ní ẹni tó gbá ọba létí àti ẹni tó gbá ẹgbẹ́ rẹ̀ létí ò lè jẹ irú ìyà kan náà, débi ẹni tó ṣẹ Ọlọ́run. C. S. Lewis ní 1940 ní àwọn tó wà nínú ọ̀run àpáàdì ló ti ilẹ̀kùn mọ́ ara wọn. Èsì méjèèjì ò wọ̀ mí lára tó ti Òṣogùn. Àwọn tó kó ọmọdé, tí wọ́n tà á, tí wọ́n jẹ owó rẹ̀, tí wọ́n sì kú jẹ́ẹ́ lórí ẹní, ta ló máa bi wọ́n? Ẹni tó bá fẹ́ pa ọ̀run àpáàdì rẹ́ pátápátá gbọ́dọ̀ dá Àfálà lóhùn. Èmi gbà pé ìdájọ́ gbọ́dọ̀ wà. Ohun tí mi ò rí ni ìdí tí kò fi ní parí, àti ìdí tí bàbá Crowther fi máa wà nínú iná kan náà pẹ̀lú ẹni tó kó ọmọ rẹ̀ lọ.

Ní 1995, ìwé kan tí Ìjọ Áńgílíkà gbé jáde, The Mystery of Salvation, sọ pé ọ̀run àpáàdì kì í ṣe ìdálóró ayérayé. Ẹni tó bá kọ Ọlọ́run délẹ̀délẹ̀ á di àìsí. Ní 2013, ìwádìí Yunifásítì Roehampton ka ìjọ aláwọ̀ dúdú 240 ní Southwark nìkan, níbi tí Nunhead àti Peckham wà. Nínú èyí tó jẹ́ ti Yorùbá láàárín wọn, tí wọ́n bá ṣí Bíbélì sí Mátíù orí 25, àìnípẹ̀kun ṣì ni wọ́n ń kà.