Ìkíni àti Ohùn Nínú Lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì: Láti Ọ́fíìsì Ìjọba Dé Yàrá Ìdánwò

Ní Effurun lẹ́bàá Warri, ọmọ Urhobo tí ó jí ní òwúrọ̀ tí kò kúnlẹ̀ kí baba rẹ̀ ní "Migwo" ni a ń pè ní aláìlẹ́kọ̀ọ́. Baba a dá a lóhùn pé "Vrẹndo", kí ó dìde. Ẹni tí ó mọ ìdọ̀bálẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí.

Irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ni Ẹgbẹ́ Ìlọsíwájú Urhobo ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń gbèrò ilé-ẹ̀kọ́ girama ti ara wọn. Lábẹ́ ìdarí Mukoro Mowoe, tí ó kú ní 1948, ẹgbẹ́ náà rán M. G. Ejaife àti E. N. Igho lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Ejaife ni olórí àkọ́kọ́ fún Urhobo College, Effurun ni ilé-ẹ̀kọ́ náà sì fìdí kalẹ̀ sí. Cambridge ni ìdánwò àṣejáde ti ń wá láyé ìgbà náà. Ní 1952 ni a dá WAEC sílẹ̀. Bí ìdánwò ti ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn, lẹ́tà kíkọ kò kúrò nínú rẹ̀. "Dear Father" ni a ó kọ sí baba tí a kúnlẹ̀ fún ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà!

Kò yẹ kí a rò pé àwọn Òyìnbó kò mọ ọ̀wọ̀. Ní ayé ìjọba amúnisìn, òṣìṣẹ́ ọba a máa parí lẹ́tà rẹ̀ pẹ̀lú "I have the honour to be, Sir, your obedient servant". Ọ̀gá pàápàá a máa pe ara rẹ̀ ní ìránṣẹ́ ẹni tí ó ń pàṣẹ fún. Ohùn yìí ni àwọn tí ń fi lẹ́tà kíkọ jẹun kọ́, àwọn tí ń bá aláìmọ̀wé kọ ẹ̀bẹ̀ sí ajẹ́lẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ti le tó ni oníbàárà ń gbà pé owó òun kò ṣòfò. Ìjọba ṣòfin pé ẹni tí ó bá kọ lẹ́tà fún aláìmọ̀wé gbọ́dọ̀ fi orúkọ àti àdírẹ́ẹ̀sì tirẹ̀ sí i. Òfin náà kò fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ ńláńlá.

Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò sì tán nílẹ̀. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà ni ó ti kọ ọ́ sí òbí pé òun nírètí pé ara wọn le, tí ó sì fi "If so, doxology" kún un, bí ẹni pé inú ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ìkíni ilé ni ó ń wá ọ̀nà jáde.

Nínú máàkì 50 tí WAEC ń fún àròkọ, 10 jẹ́ ti kókó ọ̀rọ̀, 10 ti ìgbékalẹ̀, 20 ti ìlò èdè, 10 ti àkọtọ́ àti gírámà. Àdírẹ́ẹ̀sì, ìkíni àti ìparí wà lábẹ́ ìgbékalẹ̀. Ìlò èdè ni ohùn ti ń jẹ máàkì. Lẹ́tà sí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ gba àdírẹ́ẹ̀sì méjì, "Dear Sir", àkọlé, "Yours faithfully", ìfọwọ́síwèé àti orúkọ ní kíkún. Ti ọ̀rẹ́ gba àdírẹ́ẹ̀sì kan, orúkọ ọ̀rẹ́ náà, "Yours sincerely" àti orúkọ kan ṣoṣo.

Èyí tí ó le jù ni lẹ́tà sí àgbà tí a mọ̀. Ọmọ tí a tọ́ dáadáa a kọ "Dear Sir" sí àbúrò baba rẹ̀, a sì fi "Yours faithfully" parí rẹ̀ bí ẹni ń wáṣẹ́. Ìkúnlẹ̀ ni ó fẹ́ kọ sílẹ̀. Lẹ́tà ọ́fíìsì ni ẹni tí ń máàkì rí.