Òmùwẹ̀ ní í bómi lọ: Ohun tó yẹ kí ẹni tó ń mòòkùn mọ̀

Ọ̀tà àti Sàngó-Ọ̀tà kò sí létí òkun. Ilé-iṣẹ́ ńláńlá àti ọkọ̀ akẹ́rù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ agbègbè náà. Síbẹ̀, iṣẹ́ àwọn tó ń mòòkùn kò jìnnà sí ibẹ̀ bí ènìyàn ṣe lè rò. Apá kan nínú iyanrìn tí wọ́n fi ń ṣe búlọ́ọ̀kù ní ìpínlẹ̀ Ògùn àti Èkó, láti ìsàlẹ̀ odò àti ọ̀sà ni wọ́n ti ń kó o wá. Lóòótọ́, ẹ̀rọ ló ń fa púpọ̀ nínú iyanrìn náà lónìí, ṣùgbọ́n lórí ọ̀sà Èkó, àwọn ọkùnrin ṣì wà tí wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn wà á. Wọn á di korobá mú, wọn á gba orí àkàbà tí wọ́n nà láti inú ọkọ̀ ojú omi sọ̀kalẹ̀, wọn á sé èémí, wọn á bu iyanrìn nínú òkùnkùn ìsàlẹ̀ omi, wọn á sì gbé e gòkè. Wọn kì í gbé afẹ́fẹ́ kankan dání.

Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn apẹja tó ń mòòkùn tú àwọ̀n tó há, àwọn ọ̀dọ́ tó ń figagbága nínú odò ìwẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì, àti àwọn tó ń fi ọ̀kọ̀ gún ẹja lábẹ́ omi, èyí tó ti di eré ìdárayá ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tí omi wọn lọ́wọ́ọ́wọ́. Èémí kan ṣoṣo tí gbogbo wọn fà lókè ni wọ́n ń ná nísàlẹ̀. Àwọn àgbà ní òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ òde òní ti fi ìdí ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀, ó sì ti ṣàlàyé bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀.

Iṣẹ́ àtayébáyé

Ìmòòkùn kì í ṣe àṣà àjèjì nílẹ̀ adúláwọ̀. Ní ọdún 1602, ará Netherlands kan tí ń jẹ́ Pieter de Marees kọ ìwé nípa etíkun tí a mọ̀ sí Ghana lónìí. Ó ròyìn bí àwọn ènìyàn ibẹ̀ ṣe mọ omi wẹ̀ tó, tí wọ́n sì lè pẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Ó tún sọ pé nítorí ìmọ̀ yìí ni wọ́n ṣe ń lo irú wọn ní erékùṣù Margarita, tó wà lábẹ́ Venezuela báyìí, láti máa wá péálì nísàlẹ̀ òkun. Ẹ̀bùn tó yẹ kó jẹ́ ògo wọn ló di ohun tí wọ́n fi wọ́n ṣẹrú.

Ìdí tí ara kì í fi í kìlọ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí ọ́síjìn bá ti ń tán nínú ara, ara yóò sọ ọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń mú kí àyà máa bẹ̀bẹ̀ fún èémí ni afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù dayọ́ksáìdì, ìyẹn afẹ́fẹ́ ìdọ̀tí tí à ń mí síta, nígbà tó bá ń pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá mí gúlegúle lọ́pọ̀ ìgbà kó tó mòòkùn, kò fi ọ́síjìn tó ní láárí kún ara rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ìdọ̀tí náà ló lé jáde. Ó dà bí ẹni tó pa ajá tó ń ṣọ́ ilé rẹ̀. Olè á wọlé, ẹnikẹ́ni kò ní í gbọ́ gbígbó. Ọ́síjìn á tán, òmùwẹ̀ náà á sì dákú láìmọ̀, ìbáà jẹ́ nínú odò ìwẹ̀ tí omi rẹ̀ kò ju ìgbáròkó lọ.

Níbi tí omi bá ti jìn, ewu mìíràn tún wà. Ní mítà 10, agbára tó ń tẹ ara á di ìlọ́po méjì ti ojú omi. Ní mítà 20, ó di ìlọ́po mẹ́ta. Afẹ́fẹ́ lítà 6 tó wà nínú ẹ̀dọ̀fóró á fún pọ̀ di lítà 3 ní mítà 10, á sì di lítà 2 ní mítà 20. Ìfúnpọ̀ yìí ń ti ọ́síjìn wọnú ẹ̀jẹ̀, ara á sì balẹ̀. Nígbà tí òmùwẹ̀ bá ń gòkè bọ̀, ẹ̀dọ̀fóró á tún fẹ̀, agbára náà á sì já wálẹ̀ kíákíá. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń dákú ní mítà 10 tó kẹ́yìn, tàbí lẹ́yìn tí orí wọn ti yọ lójú omi.

Àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ní Ọ̀tà náà ní ẹ̀kọ́ láti kọ́ níbí. Ẹni tó wọ inú táǹkì tàbí kànga tí ọ́síjìn kò sí lè ṣubú lulẹ̀ láìjẹ́ pé àyà rẹ̀ há, nítorí ó ṣì ń mí afẹ́fẹ́ ìdọ̀tí síta. Ẹni tó sì sáré wọlé láti gbé e lè ṣubú tẹ̀ lé e.

Ìmọ̀ nìkan kò tó

Natalia Molchanova, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, fi àkọsílẹ̀ tuntun lágbàáyé lélẹ̀ nígbà 41 nínú ìmòòkùn. Ó lè sé èémí fún ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ó lé díẹ̀. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ ọdún 2015, ó mòòkùn nítòsí erékùṣù Formentera ní Spéìn. Kò padà sókè mọ́, wọn kò sì rí òkú rẹ̀. Bí omi bá lè gbé irú òmùwẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, kò sẹ́ni tó yẹ kó gbójú lé òye ara rẹ̀ nìkan.

Àwọn òfin ààbò

Èkíní, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá mòòkùn. Bí ẹnì kan bá wà nísàlẹ̀, ẹnì kejì gbọ́dọ̀ wà lójú omi tí yóò máa ṣọ́ ọ, kó má sì gbé ojú kúrò lára rẹ̀ títí di ìṣẹ́jú àáyá 30 lẹ́yìn tó bá ti yọ. Ẹni tó ń ṣọ́ni náà gbọ́dọ̀ lè dé ibi tí ẹnì kejì rẹ̀ ń dé.

Èkejì, kí èémí rọlẹ̀ kí ènìyàn tó wọ omi. Kí ìsinmi lójú omi jẹ́ ìlọ́po méjì àkókò tó lò nísàlẹ̀, ó kéré tán. Korobá kan sí i tàbí ẹja kan sí i ló ti ran ọ̀pọ̀ lọ sọ́run.

Ẹ̀kẹta, bí wọ́n bá so òjé mọ́ ìbàdí, kó má wúwo débi tí ènìyàn kò fi ní í léfòó lójú omi. Kí bẹ́líìtì náà jẹ́ èyí tí ọwọ́ kan lè tú.

Ẹ̀kẹrin, kí a di imú mú, ká fẹ́ atẹ́gùn sí etí jẹ́ẹ́jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìsọ̀kalẹ̀. Bí etí bá ń dunni, òkè ni kí ènìyàn padà sí. Kí ẹni tí ọ̀fìnkìn ń dà láàmú má mòòkùn.

Ẹ̀karùn-ún, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fa afẹ́fẹ́ láti inú ẹ̀rọ tí àwọn fọ́kánáísà fi ń fẹ́ táyà. Èéfín àti epo lè wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá sì fa irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ nísàlẹ̀, tó wá sé èémí gòkè, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lè bẹ́.

Ẹni tó ń fi ọ̀kọ̀ pẹja kò gbọdọ̀ kọjú rẹ̀ sí ènìyàn, kò sì gbọdọ̀ fà á sílẹ̀ de ẹja nígbà tí kò bá sí nínú omi. Kó ju ẹja tó ń ṣẹ̀jẹ̀ sínú ọkọ̀ ojú omi dípò kó so ó mọ́ ìbàdí. Kó ní ọ̀bẹ lọ́wọ́ nítorí àwọ̀n, kó sì fi ohun aláwọ̀ títàn tó léfòó ṣe àmì fún àwọn ọlọ́kọ̀.

Ìtànjẹ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́

Omi òkun etíkun Èkó sábà máa ń wà láàárín ìwọ̀n 25 sí 29 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì. Òtútù kì í tètè lé ènìyàn jáde, oòrùn ń pani lẹ́yìn, omi ara ń dínkù, agara sì ń wọlé láìfura. Kí òmùwẹ̀ máa mu omi, kó sì dá iye wákàtí tí yóò lò kó tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà òjò, odò Ògùn máa ń kún, omi tí wọ́n ń tú sílẹ̀ láti ìdídò Ọ̀yán, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1983, sì máa ń kún un. Àkókò yẹn kì í ṣe ìgbà ìmòòkùn.

Bí ẹnì kan bá dákú

Kí wọ́n gbé ojú rẹ̀ kúrò nínú omi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí wọ́n bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, kí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí i lójú, kí wọ́n sì pe orúkọ rẹ̀ pé kó mí. Bí kò bá mí, kí wọ́n di imú rẹ̀, kí wọ́n fẹ́ èémí sí i lẹ́nu. Ní orí ilẹ̀, bí kò bá tíì mí síbẹ̀, kí wọ́n tẹ àárín àyà rẹ̀ nígbà 30, kí wọ́n fẹ́ èémí sí i lẹ́nu lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n máa ṣe bẹ́ẹ̀ títí yóò fi mí tàbí títí ìrànlọ́wọ́ yóò fi dé. Kí wọ́n má ṣe dorí rẹ̀ kodò, kí wọ́n má sì tẹ̀ ẹ́ níkùn láti pọ omi jáde. Àkókò tó yẹ kó fi rí èémí gbà ni èyí ń fi ṣòfò. Bó tilẹ̀ jí, ilé ìwòsàn ni kó dé.

Iyanrìn kò ní í tán nísàlẹ̀ odò, ẹja kò sì ní í tán nínú ibú. Èyí tí a kò rí mú lónìí, a lè padà lọ mú un lọ́la, bí ẹ̀mí bá wà.