Kòkòrò Inú Ikùn

Ní Ìdó-Ilé-Èkìtì wa, bí inú bá ń ta ènìyàn, ata àti ebi la máa ń dá lẹ́bi. Àwọn dókítà pàápàá gbàgbọ́ tẹ́lẹ̀ pé kòkòrò kò lè gbé inú ásíìdì ikùn. Ní 1982, ní Perth ní Ọsirélíà, Barry Marshall àti Robin Warren rí Helicobacter pylori níbẹ̀. Ní 1984 Marshall gbé kòkòrò náà mu, inú sì dà á láàmú. Èmi ò jẹ́ dán an wò!

Ọ̀rọ̀ ò tán sí ọgbẹ́ inú. Dennis Wright, tó ti ṣiṣẹ́ lórí jẹjẹrẹ Burkitt ní Uganda, àti Peter Isaacson ṣàpèjúwe MALT lymphoma ní 1983. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun ni jẹjẹrẹ yìí ti ń bẹ̀rẹ̀. Kòkòrò náà ló ń pè wọ́n jọ sínú ikùn bí ọmọ ogun. Tí ogun náà bá pẹ́ jù, àwọn kan a máa pọ̀ sí i láìgbọ́ràn.

Ní 1993, Wotherspoon àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fún aláìsàn mẹ́fà ní oògùn apakòkòrò. Jẹjẹrẹ náà lọ lára márùn-ún, láìsí iṣẹ́ abẹ. Èyí tó bá ti gbilẹ̀ kì í sábà gbọ́ oògùn bẹ́ẹ̀.

Àyẹ̀wò èémí tàbí ìgbẹ́ lè fi kòkòrò náà hàn. Lọ́dọ̀ wa, oògùn ásíìdì la ṣì ń rà ní kẹ́mísì.